Ọmọ Ilé Wo?

Inú mi máa ń tètè bí. Ìyá mi ní láti kékeré ni, pé tí wọ́n bá ń bu oúnjẹ tí kò tètè kàn mí, màá ti bínú dìde kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jókòó sídìí kàńtà tí gbogbo ayé ti ń wá gbàwé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìjọba gbé mi sí. Ọ́fíìsì kékeré kan ni, ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Takie. A máa ń forúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn tí ìwé ọjọ́ ìbí wọn bá sì ti sọnù máa ń wá gba òmíràn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Láàárọ̀ Mọ́ńdè ni mo máa ń wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, màá padà sílé.

Tí n bá ní kí n máa ka ohun tí ojú mi ń rí nídìí kàńtà yẹn, ilẹ̀ á ṣú. Bàbá kan wà tó ní kí n kọ ọ́ pé ọdún tí wọ́n la títì àdúgbò àwọn ni wọ́n bí òun. Mo ní, "Bàbá, ọdún wo nìyẹn?" Ó ní, "Ṣebí ìjọba ló la títì, ọ̀dọ̀ ìjọba náà lo wà. Wò ó níbi tí ẹ kọ ọ́ sí." Obìnrin kan fẹ́ kí n gé ọdún márùn-ún kúrò nínú ọjọ́ orí òun, ó sì ń bá mi ná an bí ẹni ń náṣọ: "Ó dáa, ẹ gé mẹ́ta." Àwọn mìíràn á dúró gbagidi lójú kàńtà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, èmi òṣìṣẹ́ ìjọba ni màá wá máa dúró dè wọ́n.

Síbẹ̀, àwọn yẹn kọ́ ló ń mú orí mi gbóná jù. Obìnrin àgbà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Tí oníbàárà bá wọlé sọ́dọ̀ tèmi, màá ní, "Kí lẹ fẹ́?" Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ Màmá ló lọ, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ọ̀nà. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò àná ò ba nǹkan jẹ́ lọ́dọ̀ yín?" Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè ohun tí wọ́n ń bi gbogbo èèyàn: "Ọmọ ilé wo?"

Màmá kì í béèrè orúkọ. Ilé ni wọ́n máa ń béèrè. Ẹni náà á dárúkọ agbo ilé rẹ̀, Màmá á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ilé onígi ọ̀dán yẹn," wọ́n á béèrè àlàáfíà bàbá àgbà ibẹ̀, wọ́n á béèrè bóyá wọ́n ti tún kànga ṣe. Ìlà á ti gùn dé ẹnu ọ̀nà. Èmi á máa fi bírò lu tábìlì.

Káàdì wà fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Inú dúrọ́ọ̀ onípákó ni wọ́n wà, wọ́n kún ògiri kan láti ìsàlẹ̀ dókè. Màmá ló tò wọ́n, kì í sì í ṣe A, B, D. Àdúgbò kan ló ni dúrọ́ọ̀ kan. Nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n fà ya tẹ́ẹ́rẹ́ di káàdì ilé kọ̀ọ̀kan pọ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò lórí ara wọn. Kò sí lébẹ́lì kankan. Tí Màmá ò bá wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, a ò lè rí káàdì kankan mú jáde, àfi ká máa ní kí àwọn èèyàn padà wá lọ́la. Mo kà á sí ìwà àìlajú. Mo rò pé ṣe ni Màmá fi ọgbọ́n ti ọ́fíìsì mọ́ inú agbárí ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà lè ṣe é láìsí wọn.

Nígbà tí wọ́n wá lọ fún líìfù ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé nígbà náà, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń to fáìlì. Mo ní mo fẹ́ tún ibẹ̀ tò. Ọ̀gá ò tilẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ní kí n ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo tú gbogbo okùn aṣọ yẹn. Eruku wọ̀ mí nímú, mo ń sín láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n mo to gbogbo káàdì náà ní A, B, D, orúkọ bàbá ni mo fi ṣáájú. Mo gé pépà, mo kọ lébẹ́lì gàdàgbà sára dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tá a jọ lọ sí Ìbàdàn.

Màmá dé láàárọ̀ Mọ́ńdè. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ kan, wọ́n tì í padà. Wọ́n fa òmíràn. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Wọ́n kàn ní, "O kúuṣẹ́ o. Àmọ́ o ò bi mí kí o tó tú u."

Mo ní, "Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyí."

Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹni tó wọlé.

Ó tó bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Wẹ́sídeè kan, ni ọmọbìnrin kan wọlé, ó tó ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní wọ́n ti fún òun láàyè nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ìgbà kẹta tí òun gbìyànjú ẹ̀ nìyí. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yẹ ìwé wọn wò, wọ́n sì ti sọ ọ́ pé ẹni tí ò bá mú ojúlówó ìwé ọjọ́ ìbí wá, ẹni tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa fún láàyè rẹ̀. Inú àpótí ni wọ́n tọ́jú tiẹ̀ sí nílé, òun ò rí i rí kí ikán tó jẹ ẹ́. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sọ ti bàbá rẹ̀. Mo fa dúrọ́ọ̀, mo wò ó síwá, mo wò ó sẹ́yìn. Mo ní, "Kò sí."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibí ni wọ́n ti forúkọ mi sílẹ̀."

Mo ní, "Ṣé mo fi pamọ́ ni?"

Ó padà wá ní Tọ́sìdeè. Ọjọ́ méjèèjì yẹn, Màmá ò sí ní ọ́fíìsì, wọ́n ti lọ forúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀ láwọn abúlé. Mi ò tilẹ̀ wo ojú ọmọ náà lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní, "Mo ti sọ fún ẹ lánàá. O ò sí nínú ìwé wa." Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, kò pariwo, ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé wọn ò bí i. Ìbínú ni mo fi wò ó, torí pé èèyàn mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Títí di òní ni ojú ń tì mí tí mo bá rántí.

Ní Fúráìdè, bí aago méjìlá ṣe ń lọ lù, ó tún dé. Òun àti obìnrin kan ni wọ́n jọ wá, ó máa tó ẹni ogójì ọdún, ọ̀kan lára àwọn tó ń ta ike l'Ọ́jà Igbó. Kí n tó la ẹnu, obìnrin náà ti na ọwọ́ sí ọmọ yìí, ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo bá wá."

Màmá wà nídìí tábìlì wọn lápá kejì. Bí wọ́n ṣe gbọ́ "ọkọ mi" yẹn ni wọ́n gbé bírò sílẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ọ̀nà. Ọmọ ilé wo lọkọ yín?"

Obìnrin náà dárúkọ agbo ilé wọn, lẹ́yìn Takie lọ́hùn-ún. Màmá ní, "Ta ló wá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i?"

"Èmi náà ni, mà. Mi ò tíì lo oṣù kan nílé ọkọ nígbà yẹn. Ọkọ mi yìí ti tó ọmọ oṣù mẹ́ta. Tíṣà ni ìyálé mi tó bí i, abúlé ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ, wọn ò ráyè, ni wọ́n bá rán èmi."

"Nígbà tí wọ́n wá bi yín léèrè orúkọ ọmọ, kí lẹ sọ?"

Obìnrin náà wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè pè é."

"Kí lẹ máa ń pè é nílé?"

"Eyínfunjowó."

Ọmọ náà yíjú wò ó. Eyín ẹ̀ sì funfun lóòótọ́.

"Orúkọ bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi? Káfíńtà ni mo ní kí wọ́n kọ. Iṣẹ́ wọn nìyẹn."

Màmá ò wò mí tìkà-tìkà. Wọ́n kàn ní, "Bá mi wo inú dúrọ́ọ̀ K tìrẹ yẹn."

Mo lọ. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí mo fi rí i. Orúkọ ọmọ: Eyínfunjowó. Orúkọ bàbá: Káfíńtà. Ilé wọn wà nísàlẹ̀, kedere. Mo mọ ẹni tó ni ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, torí pé ojoojúmọ́ ni mo ń rí i lórí tábìlì tó kọjú sí tèmi. Màmá ló kọ káàdì yẹn ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn.

Kí ni mo fẹ́ sọ pé n ò mọ̀? Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, agbo ilé ni wọ́n bí mi sí. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, kódà kí ọmọ náà ṣì wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Orúkọ tó bá wu ìyàwó ló máa fún un. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi, ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ aṣọ ọ́fíìsì, ó dà bíi pé ilé ni mo máa ń fi gbogbo ẹ̀ sí.

Màmá wá sún mọ́ mi, wọ́n rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn yòókù má gbọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó ilé ni wọ́n sábà máa ń rán níṣẹ́ báyìí. Wọn ò ní pe ọmọ lórúkọ, wọn ò ní pe bàbá ọmọ. Tí n bá ní orúkọ ni mo fẹ́ fi tò wọ́n, ibo la ti máa rí wọn? Ilé nìkan lẹnu ìyàwó lè pè. Ìyẹn ni mo ṣe fi ilé tò wọ́n."

Nígbà tí mo rò pé wọn ò mọ iṣẹ́, wọ́n ti ro iṣẹ́ náà dé ibi tí èmi ò lè dé láéláé. Gbogbo ìkíni tó ń bí mi nínú yẹn, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ìyàwó yàtọ̀ sọ́mọ, tí wọ́n ń mọ ẹni tó kú àti ẹni tó kó lọ. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá." Wọ́n ní ká kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ná.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n fi ń tún orúkọ ṣe. Ẹni tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ níjọ́sí gbọ́dọ̀ sọ orúkọ tó tọ́ lójú òṣìṣẹ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á buwọ́ lù ú. Ọ̀gá wa ti lọ ṣèpàdé l'Ọ́yọ̀ọ́ láti àárọ̀, wọn ò ní padà dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mo ní ìyẹn ò le, mo kúkú ń lọ sílé, èmi ni màá gbé e lọ bá wọn. Mo mú bírò. Mo ní, "Ìyàwó, ó yá, ẹ pe orúkọ ẹ̀ gan-an kí n kọ ọ́."

Ó ń fa etí ìró ẹ̀.

Mo tún un sọ. Ó wo ọmọ náà, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mi ò pè é rí, mà."

Ìbínú mi tún dé. Mo ní, "Ìyáàfin, Mọ́ńdè ni o! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé àyè ọmọ yìí fún ẹlòmíràn ni?"

Ọmọ náà di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ìyàwó wa, ẹ pè é. Mo fún yín láyè."

Obìnrin náà la ẹnu. Mo rí i tó ń gbìyànjú ẹ̀. Ó tún pa á dé. Ó ní, "Kì í ṣe agídí. Ẹnu mi ni ò gbà á."

Màmá gba bírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n yí fọ́ọ̀mù náà síwájú obìnrin yẹn, wọ́n fi bírò lé e lórí. Wọ́n ní, "Wọ́n ní kẹ́ ẹ má pè é. Ta ló ní kẹ́ ẹ má kọ ọ́?"

Obìnrin náà nu ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ara ìró ẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Kò yára. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi bí ẹ̀wà, ó sì ń padà lọ fi àmì sísàlẹ̀ èyí tó nílò àmì. Orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá ọmọ, kò ṣi ọ̀kankan.

Ọmọ náà ní, "Mi ò mọ̀ pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́."

Ó ní, "Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì mi tipẹ́, látìgbà tí mo ti lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá ń gbàdúrà fún ẹ, mo máa ń gbé ìka lé e."

Mo ní mo fẹ́ lọ wá òǹtẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Òǹtẹ̀ wà níwájú mi.

Èmi àti ọmọ náà la jọ wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. A bá ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń jáde níbi ìpàdé, wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n sì gbé fọ́ọ̀mù náà àti ìwé ọjọ́ ìbí tuntun tí mo ti kọ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, wọ́n buwọ́ lù wọ́n. Mo fi ọmọ náà sínú ọkọ̀ tó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó di àpòòwé tí ìwé ẹ̀ wà nínú ẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Bí mo ṣe wọ agboolé wa, àgbà ìyàwó ilé wa kan jókòó síwájú ìta, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ti tó ọmọ ọdún méje nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Ó ní, "Adúmáadán! Ẹ kú ọ̀nà o. Iṣẹ́ ńkọ́?" Bó ṣe ń kí mi ní gbogbo Fúráìdè nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró. Mo ní, "Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ orúkọ mi gan-an?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù. Ó ní, "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni? Mo ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ni."

Mo jókòó tì í, a jọ ṣa ẹ̀wà náà tán.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì. Mo ti yọ lébẹ́lì dúrọ́ọ̀ mẹ́rin, mo sì ti kó káàdì sórí ẹní kan nílẹ̀, kí Màmá tó wọlé. Wọ́n ní, "Kí lò ń ṣe nílẹ̀ yẹn?" Mo gbé káàdì kan sókè, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ilé wo lèyí?"

Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n jókòó sórí àpótí. A bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í kà ju orúkọ méjì lọ kí wọ́n tó mọ ilé tó ni ọmọ. Èmi ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé ńlá kan, kí ọgbọ́n yẹn má bàa bá wọn fẹ̀yìn tì. Mo ti fún obìnrin oníke yẹn ní nọ́ńbà mi, tí fóònù bá sì ti dún, màá sáré gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dún tó jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ ta káàdì ìpè fún mi ni.

Ó ti kọjá aago méjì nígbà tí obìnrin oníke yẹn pè. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gba Eyínfunjowó wọlé o! Wọ́n yẹ ìwé ẹ̀ wò, wọ́n ní ó pé!" Mo kígbe, Màmá sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Obìnrin náà ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó ní òun sin ín lọ, pé èrò pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà, pé ọmọ náà lọ mu omi níta nígbà tí wọ́n fi máíìkì pe orúkọ rẹ̀, pé wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ti fẹ́ kọjá sí orúkọ ẹlòmíràn.

Mo ní, "Kí lẹ wá ṣe?"

Ó ní, "Mo fò dìde. Mo ní, 'Ó wà ńbí o!' Gbogbo gbọ̀ngàn ló wo ojú mi. Mi ò lè pè é, mà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kí n má dáhùn."